Pẹ́pẹ́yẹ Ọlọ́rùn Wíwọ́ ti Ẹgbẹ́ Thaxter

Lọ́dọọdún, ní Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà, àwọn Thaxter a máa pé jọ sí gbọ̀ngàn abúlé Sallowby, ní agbègbè Norfolk nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n lè bá ara wọn yọ̀ pé Thaxter ni wọ́n. Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n ṣe tó tó yọ̀ lé lórí. Wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú irin láti Norwich àti Leeds, wọ́n á wọ bàálù láti Kánádà, wọ́n á wá lẹ bébà kékeré tó ní "Thaxter" lára mọ́ àyà kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì wọ́n mọ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé, gbogbo ẹni tó wà nínú ilé náà ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n á jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi ẹyin sí láàrin, wọ́n á mu tíì, wọ́n á fetí sí ọ̀rọ̀ gígùn láti ẹnu alága, wọ́n á sì gbé ìgbéraga padà sílé ju èyí tí wọ́n gbé wá lọ.

Ẹnìkan ṣoṣo ni bébà àyà tirẹ̀ yàtọ̀. "Ọ̀rẹ́ Ẹgbẹ́" ni wọ́n kọ sí i. Beryl Gedge ni orúkọ rẹ̀, òun ló sì ń se tíì.

Ní ti ìbí, kò sí ẹni tó jẹ́ Thaxter ju Beryl lọ nínú gbogbo wọn. Ilé kékeré ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Sallowby ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1941. Ephraim Thaxter ni bàbá rẹ̀, Clifford tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ sì jẹ́ àbúrò rẹ̀, ọmọ ìyá ọmọ bàbá. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1964 ó dá ẹ̀ṣẹ̀ ńlá kan: ó fẹ́ Ronnie Gedge, ẹni tó ń pín wàrà láti ojúlé dé ojúlé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni títí ó fi kú. Òfin ẹgbẹ́ sì sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá ń jẹ́ Thaxter lọ́wọ́lọ́wọ́ nìkan ló lè dìbò tàbí kó sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé. Marlene ará Ohio ní Amẹ́ríkà, tó fẹ́ Thaxter kan ní ọdún méjì sẹ́yìn, tí ìyẹn sì jẹ́ ọkọ rẹ̀ kẹta, ń dìbò. Beryl ń fọ ife.

Orúkọ iṣẹ́ ni Thaxter. Láyé àtijọ́, ẹni tó bá ń fi esùsú, koríko gíga etí omi, tàbí pòròpórò àlìkámà bo ilé ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ ní Norfolk. Clifford fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ pé àwọn obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ fi orúkọ yìí pè. Ojú ewé kejì ìwé ìròyìn kan náà ló kọ òfin nípa àwọn obìnrin tó bá lọ sílé ọkọ sí, kò sì rí ohun tó takora nínú méjèèjì. Nínú àwọn mẹ́rìndínlọ́gọ́ta tó wà nínú ẹgbẹ́, dókítà eyín wà níbẹ̀, agbẹjọ́rò wà níbẹ̀, ẹni tó ń ta agbada ìwẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ orí esùsú yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀. Ní ti Clifford, ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló fi jókòó ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tó ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lẹ́tà nípa ìdalẹ̀nù. Bó bá fẹ́ gun àpótí láti pààrọ̀ gílóòbù, àfi kó di ògiri mú, kó sì pe orúkọ Ọlọ́run.

Iṣẹ́ ńlá tí Clifford ń ṣe fún ẹgbẹ́ ni kíkó orúkọ àwọn Thaxter olókìkí jọ. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ti ń ṣe é. Òfin rẹ̀ le: ìwé títẹ̀ kan gbọ́dọ̀ ti sọ̀rọ̀ nípa ẹni náà, ẹni tó kọ ìwé náà kò sì gbọdọ̀ jẹ́ Thaxter, kí wọ́n má bàa sọ pé ẹbí ló ń yin ẹbí. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń fa eruku ilé ìkàwé símú, mọ́kànlá péré ló rí. Bíṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n yọ nípò. Ọ̀gá ọkọ̀ òkun kan wà tó ri ọkọ̀ méjì, tí wọn ò sì fún un ní ẹ̀kẹta. Obìnrin kan wà tó lúwẹ̀ẹ́ dé ìdajì ọ̀nà sí ilẹ̀ Faransé, tó rò ó wò, tó sì lúwẹ̀ẹ́ padà sílé. Apànìyàn kan náà wà. Ọdún mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi jà lórí rẹ̀ kí wọ́n tó gbà pé òfin ni òfin, nítorí ìwé tí wọ́n kọ nípa tirẹ̀ pọ̀ ju ti gbogbo àwọn yòókù lọ.

Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ran ara tán, Clifford ṣílẹ̀kùn fún àwọn tí kò fìgbà kan wà láyé. Inú eré kan ló ti rí ọmọ ọ̀dọ̀ Thaxter tó gbé lẹ́tà wọlé, tó tẹrí ba, tó sì jáde. Ó rí tíṣà Thaxter nínú ìtàn àròsọ kan, èyí tó kú ní ojú ewé kẹfà. Ó rí Ọ̀gbẹ́ni Thaxter nínú ìwé àwọn ọmọdé kan, ewúrẹ́ tó ń wa ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n dìbò lórí ewúrẹ́. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbà, mẹ́rin kọ̀. Báyìí ni wọ́n ṣe ń fà á títí ó fi pé mọ́kàndínlógún.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ẹgbẹ́ ti ní kí wọ́n gbẹ́ orúkọ gbogbo wọn sára pátákó igi líle kan tí wọn yóò kàn mọ́ ògiri gbọ̀ngàn títí láé. Ogún orúkọ ni pátákó náà gbà. Àyè ẹyọ kan ló kù, bí wọ́n bá sì ti gbẹ́ ẹ tán, ó parí nìyẹn.

Beryl ti ń tọrọ àyè náà láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Kì í ṣe fún ara rẹ̀ o. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló fẹ́ kí wọ́n kọ síbẹ̀, Ephraim, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ bo ilé mọ́kànlélógójì ní Sallowby àti agbègbè rẹ̀, Thaxter tó gbẹ̀yìn tó ṣe iṣẹ́ tí orúkọ náà ń wí. Beryl ti di ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, orúnkún rẹ̀ kan kò sì ṣe é gbára lé mọ́. Ó fẹ́ rí orúkọ bàbá rẹ̀ lára ògiri náà kí òun tó kú.

"Clifford, ewúrẹ́ ò ní bàbá, o gbà á wọlé," ló sọ fún àbúrò rẹ̀ nílé ìdáná gbọ̀ngàn, bó ti ń nu ife. "Èmi àti ìwọ ní bàbá, o ní kó dúró síta."

"Beryl, má tún bẹ̀rẹ̀, jọ̀ọ́. Ìwé wo ló kọ nípa Bàbá?"

"Ilé mọ́kànlélógójì."

"Ìyẹn kọ́ ni mo bi ọ́. Ìwé wo?"

"Gbójú sókè. Kí ló wà lókè orí ẹ yẹn?"

Clifford gbójú sókè tọkàntọkàn. "Àjà," ló sọ.

Kò parọ́. Àjà ló rí.

Òrùlé tó wà lókè àjà yẹn, ọdún 1958 ni Ephraim bò ó. Ọkùnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti já a jù sílẹ̀ ní oṣù kejì ọdún náà, ó lọ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń di ẹ̀wà sínú agolo, níbi tí wọ́n ti ń mu tíì lẹ́ẹ̀mẹta lóòjọ́ lábẹ́ òrùlé tí ẹlòmíràn bò. Ephraim wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ọkùnrin kankan tó fẹ́ gun àkàbà nínú afẹ́fẹ́ oṣù kẹta. Ló bá wo Beryl, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Clifford, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wà nílé àǹtí wọn ní Cromer nígbà náà nítorí ikọ́ tó ń bá a jà.

"Wọ ṣòkòtò mi kan," ni Ephraim sọ. Kò fi kún un. Èèyàn tó máa ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná ni.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe é. Beryl ń gbé ìdì esùsú léjìká gun òkè, ó ń la ẹ̀ka igi, ó ń lọ́ ọ bí ẹni lọ́ okùn kó lè fi kan esùsú mọ́lẹ̀, ó ń fi pákó olójú wéréwéré lu ìdí esùsú wọlé títí yóò fi tẹ́jú. Àwọn ìyá inú ṣọ́ọ̀ṣì ní ọmọbìnrin tó bá wọ ṣòkòtò gun orí ilé kò lè rọ́kọ fẹ́. Lọ́sẹ̀ kìíní ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀jẹ̀, lọ́sẹ̀ kejì ó dín kù, lọ́sẹ̀ kẹta ó yi. Nígbà tó di oṣù kẹrin, bàbá rẹ̀ fi gbogbo apá ìwọ̀ oòrùn lé e lọ́wọ́, apá tí òjò ti máa ń wá. Yóò gun òkè tẹ̀ lé e lálẹ́, yóò ki ọwọ́ bọ inú esùsú dé ọrùn ọwọ́, yóò sì sọ̀ kalẹ̀ láìsọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, ó wọ inú gbọ̀ngàn, ó dúró lábẹ́ apá tí ọmọ rẹ̀ bò, ó gbójú sókè pẹ́.

"Kò jò," ló sọ.

Beryl ti gbọ́ ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu èèyàn láti ìgbà náà. Ronnie ọkọ rẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ dídùn sọ, kí Ọlọ́run fún un nísinmi. Kò tíì gbọ́ èyí tó tó ìyẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pẹ́pẹ́yẹ kan wà níbẹ̀. Àwọn abolé mìíràn a máa fi pòròpórò hun ẹyẹ tàbí ìkookò sí ìkángun òrùlé tí wọ́n bá bò tán, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé àwọn ni. Ephraim kórìíra rẹ̀. Àṣehàn lásán ló pè é. "Òrùlé ni mò ń bò," ni yóò sọ, "n ò sin ẹyẹ." Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí iṣẹ́ parí, nígbà tí Ephraim lọ sí ilé ọtí, Beryl kó ìyókù pòròpórò jọ lórí góńgó òrùlé, ó sì hun pẹ́pẹ́yẹ kan. Ọrùn ló kù nígbà tó gbọ́ ìró bàtà bàbá rẹ̀ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Ó yáa tẹ ọrùn náà wọ́, ó so ó, ó sì sáré sọ̀ kalẹ̀. Òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni Ephraim tó rí i.

"Mú un sọ̀ kalẹ̀."

"Àkàbà ti wà nínú ọkọ̀, Bàbá."

Ephraim wò ó, ó wò ó, ó tutọ́ sílẹ̀, ó sì wọkọ̀. Títí ó fi kú ní ọdún 1979, bó bá ń kọjá níwájú gbọ̀ngàn náà, òdìkejì títì ló máa ń wò.

Abúlé kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Abolé ló bo ilé, ẹyẹ wà lórí ilé, abolé ló ni ẹyẹ. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Pẹ́pẹ́yẹ Ephraim nìyẹn. Ephraim kò já wọn ní koro nítorí ìyẹn yóò ná an ní ọ̀rọ̀. Beryl kò já wọn ní koro nítorí ojú ń tì í nígbà náà, nígbà tó sì dàgbà, ó dùn mọ́ ọn pé orúkọ bàbá òun ṣì wà lẹ́nu àwọn èèyàn. Ní gbogbo ọdún mẹ́fà tàbí méje, afẹ́fẹ́ àti àwọn kanakáná á tú ẹyẹ náà ká. Beryl á jókòó nílé ìdáná rẹ̀, á hun òmíràn, á tẹ ọrùn rẹ̀ wọ́ nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n, abolé tó bá ń tún góńgó òrùlé ṣe lọ́dún náà á sì bá a gbé e gòkè. Clifford fi àwòrán pẹ́pẹ́yẹ náà ṣe àmì ẹgbẹ́. Ó wà lára ìwé ìròyìn, ó wà lára táì, ó wà lára aṣọ ìnu-àwo. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Iṣẹ́ ọwọ́ Ephraim Thaxter, 1958." Pòròpórò tó fi ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta wà nínú òjò Norfolk láìjẹ́ pé ẹyọ kan já nínú rẹ̀! Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni wọ́n, kò sí ẹni tó bi ara rẹ̀ léèrè. Ẹgbẹ́ àwọn abolé rèé.

Ní oṣù kẹrin ọdún pátákó yìí, Clifford sáré wọ ilé Beryl láì kan ilẹ̀kùn. Ìwé ńlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó ti bọ́ sí i! Bàbá ti wọlé!"

"Sí ibo?"

"Sínú ìwé, Beryl! Ìwé títẹ̀! Dókítà Rosalind Fenner ló kọ ọ́, kì í sì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa. Wò ó, ojú ewé kan àtààbọ̀ nípa pẹ́pẹ́yẹ Bàbá."

Beryl wọ awò ojú rẹ̀. Dókítà Fenner kọ ọ́ pé Ephraim Thaxter jẹ́ ọlọ́gbọ́n ọnà tí ẹ̀mí rẹ̀ jinlẹ̀. Ó ní ọrùn pẹ́pẹ́yẹ náà wọ́ nítorí ó ń wo ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tó fi hàn pé ọkàn oníṣẹ́ ọwọ́ tálákà a máa wá Ẹlẹ́dàá rẹ̀. Ephraim tí kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àfi bí òrùlé ibẹ̀ bá ń jò.

"Kí ló dé tí o ò rẹ́rìn-ín?" ni Clifford bi í. "Ọdún mọ́kànlá lo fi ń dà mí láàmú. Kò sí òfin tó lè dá a dúró mọ́. Wọ́n á gbẹ́ ẹ sára pátákó: Ephraim Thaxter, ẹni tó ṣe pẹ́pẹ́yẹ."

"Ẹni tó bo ilé ńkọ́?"

"Ta ló ń kọ ìwé nípa ẹni tó bo ilé? Beryl, máa dúpẹ́."

Nígbà tó lọ tán, Beryl rò ó wò. Bó bá pa ẹnu mọ́, bàbá rẹ̀ yóò wà lára ògiri títí láé, fún ohun kan ṣoṣo tó kórìíra láyé rẹ̀. Bó bá sọ òtítọ́, òtítọ́ ò ní gbé bàbá rẹ̀ wọlé, kò sì ní gbé òun náà wọlé, nítorí Gedge lòun. Ó sọ fún Barney Utting, abolé tó ń gbé ẹyẹ gòkè fún un láti ìgbà tí Barney ti wà lọ́mọ ogún ọdún.

"Ẹ dákẹ́ ni tèmi, Ìyáàfin Gedge," ni Barney sọ. "Ta ni yóò pa lára? Bàbá yín ti kú, ẹyẹ ò lẹ́nu, àwọn Thaxter ò lọ́pọlọ. Ẹ jẹ́ kó wọlé."

Beryl rò pé ọ̀rọ̀ Barney bọ́gbọ́n mu. Ó pinnu pé òun yóò dákẹ́.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbọ̀ngàn kún. Pátákó wà lórí tábìlì, orúkọ mọ́kàndínlógún ti wà lára rẹ̀, àyè ìkẹyìn mọ́ roro. Beryl dúró síbi fèrèsé ilé ìdáná tó dojú kọ gbọ̀ngàn, kẹ́tùlù lọ́wọ́. Dókítà Fenner sọ̀rọ̀ nípa ọrùn àti Ẹlẹ́dàá, wọ́n pàtẹ́wọ́. Marlene dìde, ó dábàá Sájẹ́ǹtì Thaxter. Inú eré ọlọ́pàá kan lórí tẹlifíṣọ̀n ni Sájẹ́ǹtì yìí wà, ìwé ìròyìn kan sì ti dárúkọ rẹ̀. Ní apá kìíní ó ní, "Ọ̀gá, ẹ wá wo nǹkan." Ní apá kejì wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú búùtù mọ́tò.

"Èèyàn mílíọ̀nù mẹ́fà ló wò ó," ni Marlene sọ, omi sì lé sí i lójú.

Clifford dìde láti gbèjà bàbá rẹ̀. Ó ti gé irun rẹ̀, ó ti so táì pẹ́pẹ́yẹ. Òun náà fẹ́ràn bàbá yẹn, ẹ má rò pé kò fẹ́ràn rẹ̀. "Ẹ̀yin ará," ló bẹ̀rẹ̀, "bó bá jẹ́ ti òrùlé ni, n ò ní yọ yín lẹ́nu. Òrùlé ò ju òrùlé lọ. Oníṣẹ́ ọwọ́ èyíkéyìí lè bò ó. Pẹ́pẹ́yẹ yìí ló gbé bàbá mi kúrò láàrin àwọn lébìrà, tó sọ ọ́ di èèyàn."

Ìró tí wọ́n gbọ́, kẹ́tùlù ni. Beryl gbé e kalẹ̀.

"Bàbá ò ṣe pẹ́pẹ́yẹ kankan, Clifford."

Gbogbo orí yí padà sí fèrèsé ilé ìdáná bí ẹni pé ife ló sọ̀rọ̀.

"Èmi ni mo ṣe é," ni Beryl sọ. "Èyí tó wà lókè báyìí, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni mo hun ún, Barney ló gbé e gòkè. Òun ni ìkẹsàn-án. Èyí àkọ́kọ́, mo jí i ṣe ni, Bàbá sì kórìíra rẹ̀ títí ó fi kú. Kò wo ṣọ́ọ̀ṣì kankan, Dókítà, ẹ má bínú. Ọrùn rẹ̀ wọ́ nítorí mo gbọ́ bàtà Bàbá, mo sì fẹ́ sá. Òrùlé ni kí ẹ bá mi kọ. Oṣù mẹ́rin la fi bò ó. Ọgọ́ta ọdún ló kù díẹ̀ kó pé. Ṣé omi kán sí ẹnikẹ́ni nínú yín lórí rí?"

Dókítà Fenner, èèyàn tó lójútì, ṣí ìwé ara rẹ̀. "Mo kọ nípa òrùlé náà," ló sọ jẹ́jẹ́. "Mo kọ ọ́ pé, 'Òrùlé esùsú, ó ṣì dára.' N ò kọ orúkọ ẹni tó bò ó. Mo mà kábàámọ̀ rẹ̀ o."

"Ó dáa, mo sọ orúkọ rẹ̀ fún yín báyìí. Ephraim Thaxter."

Marlene na ọwọ́ sókè. "Alága, mo kàn fẹ́ mọ̀ ni o. Ṣé Ìyáàfin Gedge láṣẹ láti sọ̀rọ̀?"

Ìwé òfin wà níwájú Clifford, òun ló kọ ọ́. Ó ṣí i, bí ẹni pé ohun tó wà níbẹ̀ lè ti yí padà láàárọ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní fèrèsé, ó wo ìwé, ó tún wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Kò láṣẹ," ló sọ.

Wọ́n dìbò. Sájẹ́ǹtì ní méjìdínlógójì, Ephraim ní mẹ́sàn-án, àwọn tí àánú ṣe. Ọwọ́ Clifford wà lórí tábìlì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò nà án sókè fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí akọ̀wé kọ sínú ìwé ìpàdé nípa gbogbo ọ̀rọ̀ náà ni pé, "A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìyáàfin Gedge fún tíì." Beryl fọ ife mẹ́tàdínláàádọ́ta, ó nù wọ́n, ó pa iná, ó rìn lọ sílé, ó sì sunkún bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin bàbá rẹ̀ lánàá.

Ìgbà ìwọ́wé ni àwọn kanakáná bẹ̀rẹ̀ sí í tú pẹ́pẹ́yẹ náà. Nígbà Kérésìmesì, apá kan ló kù. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì, kò sí nǹkan kan lórí òrùlé mọ́. Barney wá béèrè bóyá kí òun kó pòròpórò wá. Beryl ní òun ti fẹ̀yìn tì. Ó ti fi bébà "Ọ̀rẹ́ Ẹgbẹ́" sínú àpòòwé, ó sì ti fi ránṣẹ́ padà sí alága.

Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù kẹfà, àwọn Thaxter tún dé. Òjò ń rọ̀ bí ẹni tú u. Clifford ló se tíì fúnra rẹ̀, àwọ̀ tíì náà sì dà bí omi kòtò. Beryl kò wọlé. Ó jókòó síta lórí bẹ́ńṣì abẹ́ òrùlé, nítorí gbogbo abúlé ló ni bẹ́ńṣì, ó gbé fláàsì tíì tirẹ̀ àti búrẹ́dì oníwàràkàṣì dání. Etí òrùlé náà yọ síta dáadáa, omi ń ṣàn sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ẹ̀kán kan kò ta sí bàtà rẹ̀.

Marlene sáré jáde tòun ti kámẹ́rà, Clifford tẹ̀ lé e.

"Pẹ́pẹ́yẹ dà? Láti Ohio ni mo ti wá o!"

"Beryl, jọ̀ọ́," ni Clifford bẹ̀bẹ̀. "Ọmọ ìyá mi. Ó wà lára táì wa. Ó wà lára aṣọ ìnu-àwo."

"Mo rí i."

"Ẹyọ kan péré. Bóyá ọ̀sẹ̀ kan ló máa gbà ọ́."

"Ọjọ́ méjì ni."

"Ọjọ́ méjì! Ṣé o rí i?"

"Èmi kì í ṣe Thaxter, Clifford. Òfin ni òfin. Ẹ lọ bẹ Sájẹ́ǹtì."

"Ṣebí Sájẹ́ǹtì ti kú," ni Marlene sọ. Kò ṣàwàdà rárá.

"Ọwọ́ rẹ̀ á dilẹ̀ nígbà náà," ni Beryl dá a lóhùn, ó sì bu búrẹ́dì rẹ̀ jẹ.

Marlene wọlé lọ mu omi kòtò rẹ̀. Clifford kò wọlé. Ó jáde sínú òjò, ó rìn dé ìdajì koríko, ó yíjú padà, ó sì gbójú sókè. Kò sí ẹyẹ tí yóò wò. Òrùlé nìkan ló wà níbẹ̀, ó ti dúdú, ó gún láti ìkángun dé ìkángun, etí rẹ̀ tẹ́jú bí irun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà, òjò sì ń yọ̀ kúrò lára rẹ̀ láìrí ibi wọ̀. Ó dúró síbẹ̀ títí omi fi ń kán lára táì rẹ̀.

"Apá wo ni tìẹ?" ló béèrè nígbà tó padà wá.

"Apá tí tábìlì alága wà."

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti ń jókòó sábẹ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́ sókè, ó fi ìka kan ìdí esùsú lábẹ́ etí òrùlé, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

"Ó ti jò rí?"

Beryl sún fún un lórí bẹ́ńṣì. "Kò jò," ló sọ, ó sì bu tíì gidi fún un sínú ìdérí fláàsì.